Kọ̀ǹpútà Ò Parọ́, Èmi Ni Mo Parọ́ Mọ́ Daddy Oyèníran

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ kí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti tó ọdún méjì tí mo ti gbé e mì, kò sì dà nínú mi. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí ara mi ṣáájú, ó sì tún ń bí mi sí gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí ẹnu mi bá le jù, ẹ forí jì mí, ẹ ṣáà kà á dé ìparí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n ń dá bàbá kan padà sí Nàìjíríà lópin oṣù yìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní iyè rẹ̀ ti ń ra. Iyè bàbá yẹn ò ra. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di onígbàgbé, mo sì mọ ọjọ́ tí mo ṣe é.

Mẹ́káníìkì ni mí. Mesquite, lókè òkun níbí, ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mọ́tò dísẹ̀lì ni mo sì ń tún ṣe jù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí kì í bá ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Tí wọ́n bá ní kí oníkálukú sọ iṣẹ́ rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn ọkùnrin, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Gírísì ò tán lábẹ́ èékánná mi rí, bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ra fáànù, mọ́tò akérò tó ń lo dísẹ̀lì, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ó dùn mọ́ mi dé ìdí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi mọ́.

Daddy Oyèníran ló ń wa fáànù náà. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́rin ọdún. Nílé, ní Òṣogbo, mọ́tò ilé-ìwé ló ń wà títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ kan ò fara pa lọ́wọ́ òun rí. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, ní Little Elm. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, Sister Fúnmi ni gbogbo wa ń pè é. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Baba á ti gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Á máa ti àpátímẹ́ǹtì kan bọ́ sí òmíràn, á máa kó àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí kò ní mọ́tò. Tó bá gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì tán, á mú àkísà, á máa nu gíláàsì iwájú bí ẹni pé ó ń wẹ ọmọ tuntun. Iṣẹ́ yẹn ló ń mú un jí.

Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò fẹ́ràn fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ tí gbogbo mọ́tò ti ń sáré. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà, jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Daddy Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ náà ń débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi díẹ̀, torí láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ bí ìwà mi ti burú tó. Mọ́tò dísẹ̀lì ìgbàlódé ní fílítà kan nínú páìpù èéfín rẹ̀. Fílítà yìí ló ń gba dúdú inú èéfín dúró. Tó bá ń kún, mọ́tò fúnra rẹ̀ á jó dúdú náà dànù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹ gbé òun sáré lórí fíríwéè kí òun lè gbóná tó. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò bí fílítà ti kún tó. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wọ inú sẹ́ńsọ̀ yìí, ọ̀kan ń bọ̀ láti iwájú fílítà, ìkejì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n jọra bí ìbejì. Tí ẹ bá ki ti iwájú bọ ojú ti ẹ̀yìn, òdìkejì ọ̀rọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ á máa sọ. Kọ̀ǹpútà á dàrú, iná ìkìlọ̀ á tàn níwájú awakọ̀, mọ́tò náà ò sì ní jó ohunkóhun dànù mọ́, ìbáà ṣe pé ẹ sáré lórí fíríwéè láti àárọ̀ di alẹ́.

Nítorí pé wọ́n jọra, mo ní ọgbọ́n tèmi. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi ni mo fi ń sàmì sí wọn kí n tó tú wọn. Àmì kan fún iwájú, àmì méjì fún ẹ̀yìn, lára rọ́bà àti lára ojú sẹ́ńsọ̀ tó ń wọ̀. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mọ́tò tí mo bá tún ṣe ti múra òde. Kò sí mẹ́káníìkì mìíràn tí mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo tú sẹ́ńsọ̀ fáànù ṣọ́ọ̀ṣì kúrò lọ́nà kí n lè ráyè pààrọ̀ ìdè páìpù kan tó ti dógùn-ún. Mo sàmì. Nígbà tí mo fẹ́ dá wọn padà, mò ń bá ẹnì kan ṣe àríyànjiyàn lórí fóònù, pásítọ̀ sì ti ránṣẹ́ pé kí n tètè gbé fáànù wá. Mo ki rọ́bà méjèèjì bọ̀ ọ́. Mi ò wo àmì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, iná tàn. Baba gbé mọ́tò wá bá mi. Mo fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò sí i, ẹ̀rọ sì kọ ọ̀rọ̀ fílítà síwájú mi. Ohun tó yẹ kí n ṣe rèé: kí n ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí n wò ó bóyá sẹ́ńsọ̀ ń ka òdo. Lẹ́yìn náà kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n wò ó bóyá ó ń lọ sókè. Kí n wá fi ọwọ́ tọ rọ́bà méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ohun tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn nìyẹn.

Mi ò ṣe é. Mo wo ojú Baba, mo rántí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, mo sì ti parí àyẹ̀wò. Èèyàn ni mo yẹ̀ wò, mi ò yẹ mọ́tò wò.

Mo ní, "Daddy, ẹ gbé e gba fíríwéè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, ẹ má yà síbì kankan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀." Ó ní, "Mo gbọ́, Dókítà." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó wá jábọ̀ fún mi. Ó ní òun ti lọ sọ́nà McKinney, òun sì padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní ọkọ̀ ńlá kan fun fèrè mọ́ òun títí òun fi ń ka Sáàmù. Mo fi rẹ́rìn-ín. Iná náà ò kú, mo sì ní kó máa wò ó ná.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Baba ń gbé àwọn akọrin lọ sí ètò kan ní McKinney. Lójú fíríwéè, fáànù dédé dín agbára ara rẹ̀ kù. Ẹ fojú inú wò ó, gbogbo mọ́tò ń sáré kọjá bí ọfà, tiwọn ń wọ́ bí ìgbín. Baba rọra dọ́gbọ́n gbé e dé etí títì. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ń sunkún. Wọ́n pè mí, mo dé pẹ̀lú ẹ̀rọ mi. Pásítọ̀ náà ti dé. Gbogbo wọn yí mi ká.

Ẹ̀rọ fi hàn pé fílítà náà ò jó dúdú dànù láti ìgbà tí iná ti tàn, kódà lẹ́ẹ̀kan. Mo bi Baba lójú gbogbo wọn bóyá ó gba fíríwéè bí mo ṣe ní kó ṣe. Ó ní òun gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo yí ojú ẹ̀rọ sí àwọn èèyàn. Mo ní, "Daddy, kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà ò parọ́. Dúdú náà ò jó. Ohun tí mi ò wò, tí mi ò sì sọ, ni pé kò lè jó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní Daddy Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́ ti tún débẹ̀. Pásítọ̀ ní, "Daddy, ẹ máa sinmi báyìí, ẹ ti gbìyànjú." Ó sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Baba wo ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ti kúrò yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, torí òun ló ń pa mí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Baba wá bá mi níbi tí a ń gbé mọ́tò sí. Ó ṣí fìlà. Ẹ̀yin náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí àgbà ṣí fìlà bẹ ẹni tó lè bí. Irun funfun rẹ̀ wà nínú oòrùn. Ó ní, "Dókítà, má bínú. Lójú ara mi, mo rí i pé mo wà lórí fíríwéè. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé mo gbàgbé ni. Ogbó ti dé. Bá mi bẹ àwọn akọrin."

Mo sáré dọ̀bálẹ̀, mo ní kò tó bẹ́ẹ̀, ó ti tán. Títí di ìgbà yẹn, mo ṣì gbà pé òun ló jẹ̀bi. Ẹ fún mi ní ìwọ̀nba yẹn.

A pààrọ̀ fílítà. Nígbà tí mò ń ṣe é, ìsàlẹ̀, lára fílítà, ni mo ti tú rọ́bà méjèèjì, mi ò gbójú sókè wo ojú sẹ́ńsọ̀. Brother Dàpọ̀, ọmọ ìjọ wa, gba iṣẹ́ ìwakọ̀. Fíríwéè ni ọ̀nà tiẹ̀ lójoojúmọ́, eré àsápajúdé ló sì ń sá. Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ, iná tún tàn.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣe iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́, sẹ́ńsọ̀ ka òdo. Mo tan ẹ́ńjìnnì, dípò kó lọ sókè, ó lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Mo wọ abẹ́ fáànù, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà alámì kan wà lójú alámì méjì. Rọ́bà alámì méjì wà lójú alámì kan. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi ń wò mí.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo mú àkísà àti omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, mo sì pa gbogbo àmì náà rẹ́. Mo dá rọ́bà padà sí àyè wọn. Iná kú. Mo pe pásítọ̀, mo ní sẹ́ńsọ̀ ló ní wàhálà díẹ̀, mo ti yanjú rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á máa lò mí.

Ti àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Gbogbo oníṣẹ́ ló ń ṣe àṣìṣe. Ti àkísà yẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ti bi ara mi títí ó fi sú mi. Orúkọ yẹn, Dókítà, ni mo kọ́kọ́ ń dáàbò bò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ fìlà. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún àgbàlagbà pé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló ṣí fìlà bẹ̀ mí lé lórí? Mo ní màá sọ ọ́ tó bá di Kérésì. Kérésì kọjá. Mo ní Àjíǹde. Mo kàn ń jẹ ìrẹsì ọdún lọ ni.

Ohun tí mi ò rò ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní Little Elm. Sister Fúnmi gbọ́ pé bàbá òun ń jiyàn pé òun gba fíríwéè nígbà tí òun ò gbà á. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti rí irú ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bàbá rẹ̀. Tí Baba bá ń wá ìgò ojú rẹ̀, ó ti di nǹkan. Tó bá pe orúkọ ọmọ kan mọ́ òmíràn, bí gbogbo bàbá Yorùbá ṣe ń pè é, ó ti di nǹkan. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tiẹ̀ gan-an lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tòótọ́, wọ́n ní kó ya aago, kó sọ ọjọ́ tí òní jẹ́, kí wọ́n fi dán iyè rẹ̀ wò. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi òyìnbó sọ fún un ní gbogbo ìgbà pé Grandpa tún ti gbàgbé. Ẹni tí gbogbo ilé bá ń wò bí onígbàgbé, kí ni ò ní gbàgbé? Kò sì sí bí èèyàn ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbì kankan ní àdúgbò yẹn. Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí, tó ń wo omi adágún.

Inú ń bí mi sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lóṣù tó kọjá, pásítọ̀ ní kí n dìde níwájú àwọn awakọ̀ tuntun, ó sì fi ọ̀rọ̀ Baba ṣe ẹ̀kọ́ fún wọn. Ó ní ẹ má ṣe bíi Daddy, Dókítà wa á tú yín fó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ẹ kún inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn bámúbámú. Ẹ mọ̀ pé ohun tí a bá fi bọ́ kọ̀ǹpútà ló ń bì jáde. Ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ò lè bi mí pé, "Ṣé o ti yẹ sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ wò?" Ìbéèrè kan péré, ǹ bá wo òkè, Baba ì bá máa wakọ̀ títí dòní. Ó rọ̀ yín lọ́rùn láti gbà gbọ́ pé arúgbó ló ń gbàgbé.

Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí yín. Mò ń bínú náà ni.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo gbéra lọ sí Little Elm. Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Sister Fúnmi wọlé lọ bu omi fún mi. Baba fà mí mọ́ra, inú rẹ̀ dùn. Ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó ní òun ti rí ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yìí, gbogbo ohun tí òun bá ṣe ni òun ń kọ sílẹ̀. Ó ṣí i hàn mí. Mo ti jẹun àárọ̀. Mo ti lo oògùn. Mo ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ojú ìwé lórí ojú ìwé, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Ó wá ṣí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ pé: Mo rò pé mo gba fíríwéè lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò gbà á.

Ó ní, "Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé orí mi ò pé mọ́. Ìwọ lo jẹ́ kí n tètè mọ̀. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ."

Sister Fúnmi gbé omi dé. Mo mu ún. Mo ní mo fẹ́ tètè máa lọ, pé èrò á pọ̀ lọ́nà. Mo sì wakọ̀ padà sí Mesquite, lórí fíríwéè.

Lánàá ni mo sọ fún ìyàwó mi. Kò bá mi jà. Ó ní ibi tí mo ti ba orúkọ ẹni jẹ́ ni kí n ti tún un ṣe, lójú àwọn tó wà níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Baba ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí ìjọ? Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, ṣé ìyẹn lè dá fìlà rẹ̀ padà sórí? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á gbà mí gbọ́, àbí wọ́n á ní àánú arúgbó ló ń ṣe mí?

Ohun tí mo rò ni pé kí n gbé fáànù náà lọ sí Little Elm ní Sátidé tó ń bọ̀. Màá jókòó ti Baba, màá ki rọ́bà méjèèjì sódì lójú rẹ̀ àti lójú Sister Fúnmi, màá tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí òǹkà ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ má sọ fún mi pé kí n máa gbàdúrà. Mo ti gbàdúrà fún ọdún méjì, mo fi sá fún ọ̀rọ̀ ni.

Bírò kan wà nínú àpò mi láti àárọ̀. Mo fẹ́ kí Baba fi fagi lé ìlà àkọ́kọ́ yẹn kó tó wọ bàálù. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó kọ́ mi. Baba gba fíríwéè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbà á.